Òwú Òsì Nínú Aṣọ Ọba

"Ta ló hun ibí yìí?"

Ìyá Súmà kò tíì pa ẹnu dé tí Wáítà ti mọ ohun tí ìdáhùn yóò jẹ́. Ẹ̀yìn òfì ni òun jókòó sí, Ràwà wà níwájú, aṣọ Ọba sì dúró gbọingbọin láàárín àwọn méjèèjì bí ògiri. Láti ibi tó wà, ojìji ọwọ́ Ìyá àgbà náà nìkan ló ń rí, tó ń rìn lórí àwọ̀ pupa lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

"Èmi ni, Ìyá," Ràwà dáhùn.

"Hẹn-ẹn." Ọwọ́ náà tún rìn. "Ọwọ́ yìí dára. Ọwọ́ yìí dára gan-an ni."

Ó kọjá lọ sídìí òfì mìíràn. Kò yà sẹ́yìn wá. Ìlà pupa kan, ìlà ìyeyè kan, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ràwà ló ń hun pupa, Wáítà ló ń hun ìyeyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ta ló hun ìyeyè.

Báyìí ló ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn wá sí Ilé Àṣàyàn ní Wánúkò, níbi tí Ìyá Súmà ti ń kọ́ àwọn arẹwà ọmọbìnrin tí Ọba ṣà níṣẹ́ aṣọ. Wáítà, ọmọ baálẹ̀ ni. Ràwà, ọmọ darandaran; bàbá rẹ̀ ń da làmá, ẹran onírun gígùn, lórí òkè lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí koríko ga. Lọ́jọ́ tó dé, òórùn ẹran ló ń jáde lára rẹ̀. Wáítà ló fi bí wọ́n ṣe ń dirun Ilé Àṣàyàn hàn án. Wáítà náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sídìí òfì tí ẹ̀yìn kò fi ní máa dunni. Kò gbàgbé. Ẹni tí o kọ́ ní ìrìn tó wá ń sáré kọjá lára rẹ, nínú eegun ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti máa ń dunni.

Nígbà ìkórè àgbàdo, aṣojú Ọba yóò dé láti pín àwọn tó ti tó pín. Òfì tí aṣọ rẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò ti fa ẹnì kan yọ fún Kúsíkò, ìlú Ọba, kó lọ máa hun aṣọ tí wọ́n ń fi iná sun rúbọ sí Oòrùn. Obìnrin tó bá wọ ilé ibẹ̀ yẹn, balógun tó ti ṣẹ́gun ìlú mẹ́wàá yóò yà fún un lọ́nà. Díẹ̀ nínú àwọn tó kù yóò dúró ní Wánúkò, wọn yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun tàbí kí wọ́n máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìyókù, wọn yóò fi wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí Ọba bá fẹ́ dá lọ́lá, bí ẹni tó ń pín ẹran ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ tí Wáítà kúrò nílé, ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó kàn di ọmọ rẹ̀ ní èjìká mú, ó ní, "N ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fi ọ́ ta ọmọ ogun kankan lọ́rẹ o. Kúsíkò ni kó o lọ. Ṣó o gbọ́ mi?"

Ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń jẹ àgbàdo yíyan àti ọ̀dùnkún. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Písíkà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ì báà jẹ́ oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ràwà," ni Písíkà wí, "tó o bá dé Kúsíkò, bá wa kí Oòrùn o. Sọ fún un pé òtútù ń pa àwa èèyàn ẹ̀ níbí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ràwà náà rẹ́rìn-ín. "Wọn ò tíì mú ẹnì kankan, jàre."

"Ta ni wọ́n tún fẹ́ mú? Ṣé èmi tí aṣọ mi le bí ẹní?" Ó yíjú sí Wáítà. "Àbí ìwọ, ọmọ baálẹ̀? Má wulẹ̀ wò mí báyẹn. Èmi gbọ́ nígbà tí Ìyá Súmà ń sọ fún olórí ìdáná pé ọmọ darandaran lòun máa fà sílẹ̀."

"Èmi náà gbọ́," ni Wáítà wí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kò wá dùn ẹ́?"

"Kí ló máa dùn mí ńbẹ̀? Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

"Hùn. Ojú ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ràwà ti àgbàdo rẹ̀ sí iwájú Wáítà. "Dákun, bá mi jẹ èyí. Mo ti yó."

Wáítà gbà á, ó sì jẹ ẹ́. Ohun tó tún wá bí i nínú ni pé ó dùn.

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí Ràwà bá ṣe di ẹ̀gún lójú Wáítà. Bó bá kọrin, ó ń ṣe fáàrí. Bó bá dákẹ́, ìgbéraga ni. Bó bá sùn, Wáítà yóò máa gbọ́ mímí rẹ̀, yóò ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ó ń sùn bí ẹni tó ti dé Kúsíkò."

Níbi tó ti ń ro ó kiri ló ti rántí òwú òsì.

Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn ń yí òwú sí. Èyí tí wọ́n bá yí sí òsì, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá nǹkan padà. Wọn a so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ aláìsàn kí àìsàn lè padà síbi tó ti wá. Wọn a so ó mọ́ ọwọ́ òkú kí òkú lè padà sọ́run. Kò sí ẹni tó ń fi í hun aṣọ tí alààyè yóò wọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ aṣọ Ọba. Ìyá bàbá Ràwà ló kọ́ ọ ní ríràn rẹ̀ nídìí ẹran. Lọ́dún tí Ràwà dé Ilé Àṣàyàn, ó ran díẹ̀ fún ọmọ kan tí ibà dá wólẹ̀, Ìyá Súmà sì bá a wí lójú gbogbo ayé: "Ọwọ́ darandaran yẹn, ẹnu ọ̀nà ni kó o máa fi í sílẹ̀ sí!" Kò sẹ́ni tó gbàgbé.

Wáítà sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ibi lòun fẹ́ ṣe. Wọn yóò kàn bá Ràwà wí ni. Ìyá Súmà yóò kàn mú ojú kúrò lára rẹ̀, yóò sì yà wá sẹ́yìn òfì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Báyìí ni ẹni tó fẹ́ ṣe ìkà ṣe máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn yòókù lọ fọ irun ẹran lódò, ó ní inú ń run òun. Ó jókòó sẹ́yìn àká, ó mú irun pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Òwú náà ń tú, bí ẹni pé kò fẹ́ bá a lọ. Nígbà tó yá, ó gbà. Wáítà wọlé, ó jókòó sí iwájú òfì, lórí ìjókòó Ràwà gan-an, ó hun ìlà díẹ̀ sínú pupa, ó fi egungun tí wọ́n fi ń lu òwú lù ú mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ki èyí tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n Ràwà. Nígbà tí àwọn ọmọ dé láti odò, Ràwà mú ewé kan fún un. "Jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó dáa fún inú rírun."

Ó jẹ ẹ́. Ewé náà korò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ìyá Súmà dé láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí pupa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún dúró.

"Ẹ ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yẹn kúrò, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé."

Oòrùn àárọ̀ wọlé, ó sì tàn sára aṣọ náà. Ìlà díẹ̀ nínú pupa dùbúlẹ̀ sí apá kejì, bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́ wó. Ìyá àgbà náà yí òfì po, ó wá sẹ́yìn níkẹyìn. Wáítà ti ń retí ọjọ́ náà láti ọdún yìí wá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni Ìyá ń wò. Aṣọ ló ń wò. Aṣọ olójú méjì ni aṣọ Ọba, kò ní inú, kò ní òde. Ohun tó wà níwájú ló wà lẹ́yìn. Òwú òsì náà dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí ó ṣe dùbúlẹ̀ níwájú, níbi tí orúnkún Wáítà kàn án.

Wáítà kò ro ti ìyẹn, pé ẹni tó bá ti wo iwájú ti rí iṣẹ́ ẹ̀yìn náà. Láti ọjọ́ tó ti ń hun aṣọ, kò ro ti ìyẹn rí.

Wọ́n da agbọ̀n Ràwà nù sílẹ̀. Òwú náà yí kúrò níbẹ̀. Igbe ta ní gbogbo àgbàlá.

"Ràwà, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, Ìyá."

"Ta wá ni?"

Ràwà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òwú náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì kan ojú Wáítà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí òwú bọ́ sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin ọmọ," ni Ìyá Súmà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ẹni tó bá fi òwú òsì sínú aṣọ Ọba, ẹ̀mí Ọba ló ń dá padà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń sin irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í dúró kó kú kí wọ́n tó sin ín."

Wáítà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn tó bẹ́ẹ̀. Tàbí kẹ̀, ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wò ó.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ńlá. Ìránṣẹ́ olórí ìlú ni, ó ní ọ̀gá òun gbọ́ igbe, ó ní kí òun wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá Súmà kò ṣílẹ̀kùn fún un.

"Sọ fún ọ̀gá ẹ pé obìnrin ló ń dájọ́ níbí," ó ké láti inú. "Tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú ilé yìí, kó padà sọ́run lọ tún ayé wá, kí wọ́n bí i ní obìnrin, kó sì máa gbàdúrà kó lẹ́wà!"

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà jìn sẹ́yìn kíá. Lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti Ràwà mọ́ inú àká títí Ìyá yóò fi mọ ohun tí yóò ṣe.

"Ó ti tán fún un," ni Písíkà wí, ó ń sunkún gidi. Síbẹ̀, kò lè ṣe kó má fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn. "Inú ẹ dùn báyìí, àbí? Kúsíkò ti kàn ẹ́."

Inú Wáítà kò dùn. Ó gbé omi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn àká.

"Ràwà."

"Gbé e síbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?" Ohùn Ràwà jáde láti inú òkùnkùn, ó tutù. "Mo mọ ọwọ́ ẹ, Wáítà. Àtìgbà tá a ti ń hunṣọ pọ̀, ṣé mi ò ní mọ òwú tó o ràn? O máa ń fà á jù."

Wáítà súnmọ́ ilẹ̀kùn. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ọmọ darandaran ní ọmọ baálẹ̀ ló ṣe é. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Àti pé mo fẹ́ wò ó bóyá wàá lè rí oorun sùn."

Wáítà dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ dé sí i. Owú náà ni. Nínú àká, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ikú lọ́rùn, Ràwà ṣì ga ju òun lọ. Bí wọ́n bá sì sin ín, yóò ga bẹ́ẹ̀ títí láé, nítorí òkú kò ṣeé bá díje. Kò ní hun aṣọ tí kò dára mọ́. Kò ní ṣàṣìṣe mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Wáítà, yálà ní Kúsíkò tàbí níbikíbi, òun ni yóò máa jókòó sí iwájú òfì lọ́kàn rẹ̀. Ìgbà tó rò ó débẹ̀ ni ẹ̀rù tó wá bà á, ẹ̀rù ohun tó ti dà. Àánú wá tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ó rìn lọ sí yàrá Ìyá Súmà. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni. Èmi ni mo ràn án, èmi ni mo hun ún, èmi ni mo tún fi í sínú agbọ̀n ẹ̀. Ràwà ò mọ nǹkan kan."

Ìyá àgbà náà kò fò dìde. Ó dà bí ẹni tí ó ti ń retí àlejò. "Nítorí kí ni?"

"Ẹ kì í yà sẹ́yìn òfì."

"Kí lo wí?"

"Àwọ̀ tèmi náà wà nínú aṣọ yẹn, Ìyá. Ẹ kì í béèrè."

Ìyá Súmà pa ojú dé. "Aṣiwèrè ọmọ. Ìyeyè tìẹ kò ní àbùkù kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè. Ìwọ ni mo fẹ́ mú sílẹ̀ níbí kó o jókòó sí ipò mi lẹ́yìn mi, kí ìránṣẹ́ olórí ìlú máa sá fún ohùn tìẹ náà. Mo ní kó di ọjọ́ ìpín kí n tó sọ ọ́."

Wáítà fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Ìyá Súmà kò fa ọ̀rọ̀ náà jáde sí òde. Ó mọ̀ pé bí aṣojú Ọba bá gbọ́, gbogbo ilé ni yóò run. Ó tú Ràwà sílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ jọ, ó mú wọn búra pé àwọn kò ní sọ ọ́, ó sì mú ọ̀bẹ bàbà. Ó gé aṣọ náà kúrò lórí òfì. Kò ṣeé sun fún Oòrùn, kò sì ṣeé wọ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ sin aṣọ náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Wáítà bẹ̀ ẹ́, "ẹ má jẹ́ kí Ràwà pàdánù. Kò ṣe nǹkan kan!"

"Ṣé mo ní ó ṣe nǹkan kan ni? Ìwọ lo ṣe é fún un. Ẹni méjì tó jókòó sí òfì kan, aṣọ kan ni wọ́n ní. Níbo ni kí n ti rí aṣọ tí n óò fi hàn pé ọwọ́ Ràwà dára?"

Aṣojú Ọba dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí òfin, nítorí ọkùnrin kì í wọ ilé náà, wọ́n ń kó aṣọ jáde fún un. Òfì Wáítà àti Ràwà kò ní nǹkan kan láti fi hàn. Ẹni tí ó fà yọ fún Kúsíkò ni Písíkà, tí aṣọ òfì rẹ̀ sàn díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹnu ya Písíkà fúnra rẹ̀; ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ máa wọ́n ọn lẹ́nu. Wọ́n fi Ràwà fún ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ afárá olókùn ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ọba, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Wáítà, Ìyá Súmà dá a sí ìdí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títí ayé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan òfì mọ́.

Láàárọ̀ tí wọn yóò lọ, ó pàdé Ràwà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ràwà, mo bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Rárá," ni Ràwà wí. Kò pariwo. "O gbà mí lọ́wọ́ ikú, ìyẹn yé mi. Ìwọ náà lo sì gbé mi lé e lọ́wọ́. Bí mo bá dàgbà débi pé mi ò rántí orúkọ ọmọ mi mọ́, n óò rántí tìẹ."

"Mo gbọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Písíkà wá, nínú aṣọ tuntun, bàtà tuntun, tí àwọn ènìyàn ń yà fún un lọ́nà. Bí Wáítà ti rí i, owú náà tún dìde nínú rẹ̀, gbígbóná, bí ó ṣe máa ń dìde. Ó wá mọ̀ pé kò ní lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó gbé e mì.

"Písíkà!" ó ké. "Má máa lu òwú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gún nǹkan. Fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Wọn ò ní gba aṣọ líle lọ́hùn-ún."

Písíkà dúró, ó wò ó. "Ṣé o ò tàn mí?"

"Mi ò tàn ẹ́."

Písíkà mi orí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ.

Owú jíjẹ kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí à ń jowú rẹ̀ kó gbé e lé wa lọ́wọ́. Ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ni yóò gbé e fún. Kì í sì í jẹ́ ká rí èyí tó ti wà nílẹ̀ dè wá. Ìjẹ́wọ́ dára, ó lè gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò lè tún ohun tí a ti gé hun. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí owú bá dé, ẹ tètè gbé e mì nígbà tó ṣì wà lọ́rùn. Bó bá ti dé ọwọ́, ó ti di iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ.